Ẹ Bi Wá: "Ṣé Kò Burú Kí N Lọ Sinmi Lémi Nìkan?"

Lóṣù yìí, lẹ́tà tó wọlé lórí kéèyàn kó báàgì ẹ̀ kó lọ fara balẹ̀ síbì kan lóun nìkan pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹlòmíì kọ ojú ìwé méjì, ẹlòmíì ò kọ ju ìlà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ó ti rẹ gbogbo wọn, ó hàn nínú bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀, mo sì yọ orúkọ àtohun tó lè jẹ́ káyé mọ ẹni tó kọ̀wé kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́sàn-án, tí mo bá délé iṣẹ́ mìíì tún bẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ mẹ́ta, oúnjẹ, iṣẹ́ àṣetiléwá, ìyá ọkọ mi tára wọn ò yá náà ń bẹ lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń fìyà jẹ mí o, ọkọ mi dáa. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí mo máa ń jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó lè wọlé. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ síbì kan lémi nìkan fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ní kí lòun ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní abilékọ kì í dá lọ bẹ́ẹ̀, pé tara mi nìkan ni mo mọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Rárá, Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún inú mọ́tò yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dúró lé lórí, torí kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí mi lẹ ti ń wá ohun tára yín ń béèrè, ìyẹn ibi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní pe "Mọ́mì" fúngbà díẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ò fẹ́ràn àwọn ará ilé yín. Ẹni tí wọ́n ń pè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ara ẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀, kódà tó bá jókòó, etí ẹ̀ ṣì ń retí ẹni tó kàn. Hóómónù méjì kan wà, ìyẹn ohun tí ara fi ń ránṣẹ́ káàkiri inú ara, tí wọ́n ń pè ní adrẹnálínì àti kọ́tísọ́ọ̀lù, ohun kékeré tó wà lórí kíndìnrín ló ń tú wọn sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ká wa lára. Wọ́n wúlò, àwọn ló ń jẹ́ ká lè sáré ká sì ronú kíá tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ibi tí ìṣòro wà ni tí kò bá sígbà tí wọ́n ń rọlẹ̀ padà. Èèyàn ò ní lè sùn dáadáa, á máa bínú sódì, nǹkan tí ò tó nǹkan á máa mómi bọ́ lójú ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n dúró lé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn lórí ni pé lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Thuy-vy Nguyen, Richard Ryan àti Edward Deci, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti ní káwọn èèyàn dá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gẹ́lẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé gbogbo ìmọ̀lára tó ń gbóná lára èèyàn ló ń rọlẹ̀, ìbínú àti àníyàn ń lọ sílẹ̀, ìdùnnú tó ń mú kéèyàn máa fò sókè náà ń lọ sílẹ̀, ara á wá balẹ̀. Ìyẹn á sì ṣèèyàn láǹfààní gan-an tó bá jẹ́ òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ dá wà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó yàn láti dá wà àti ẹni tí wọ́n pa tì nìyẹn, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín, torí ó jọ pé ìpatì ló ń rò.

Nǹkan míì tún ni pé lọ́dún 2007, Sabine Sonnentag àti Charlotte Fritz tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ tó máa ń dá agbára èèyàn padà lẹ́yìn iṣẹ́. Kí ọkàn kúrò lára iṣẹ́, kí ara dẹ̀, kéèyàn máa kọ́ nǹkan tuntun tó wù ú, kó sì jẹ́ pé òun ló ń pinnu bí òun ṣe ń lo àkókò òun. Ìkẹrin yẹn ni ẹ ò lè rí nílé tó kún, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn yín tó. Ìdí nìyẹn tí ìrìn àjò tẹ́ ẹ kó gbogbo ilé lọ fi lè dùn dọ́ba kó má sì sinmi yín, torí ẹ̀yin náà lẹ máa di ẹrù, ẹ̀yin lẹ máa wá oúnjẹ, ẹ̀yin lẹ máa mọ ibi tí bàtà ọmọ wà.

Ní ti ọkọ yín, "Kí ni mo ṣe?" tí wọ́n béèrè yẹn, ẹ̀rù ló bà wọ́n, ẹ má bá wọn jà sí i. Ẹ má sọ̀rọ̀ ẹ̀ lálẹ́ tó rẹ ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá àsìkò tára balẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti ń sá, pé ó ti rẹ̀ yín débi pé ẹ ń jókòó sínú mọ́tò, torí mo lérò pé wọn ò mọ̀ nípa ìyẹn. Ẹ dárúkọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ àtọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, àsìkò tẹ́ ẹ máa pè lójúmọ́. Ẹ sì ní kí wọ́n mú ọjọ́ tiwọn náà, torí ẹni tó ń gbélé pẹ̀lú ìyá tára ẹ̀ ò yá, ó ń rẹ òun náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wá fi ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀ se oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin kẹ́ ẹ sì fọ gbogbo aṣọ ilé kẹ́ ẹ lè "gba ààyè". Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe lè ṣe é.

Àǹtí, ẹ ǹlẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá mo gba líìfù ọ̀sẹ̀ kan, èmi nìkan ni mo lọ sí ìlú kan tó ti ń wù mí tipẹ́. Mo ti kọ gbogbo ibi tí mo fẹ́ dé sílẹ̀, mo sì dé gbogbo ẹ̀. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ kejì ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀, nígbà tí mo fi máa padà sẹ́nu iṣẹ́ ó rẹ̀ mí ju ìgbà tí mo ń lọ lọ. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? — Ọmọkùnrin Tó Ti Rẹ̀

Àbúrò mi, o ò ṣẹ̀ sẹ́nì kankan, ìgbafẹ́ lo lọ, ìsinmi lo sì nílò, àwọn méjèèjì dáa ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ lohun tí kálukú wọn ń ṣe lára. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́fà kó lè débi mẹ́rin kílẹ̀ tó ṣú, ara ẹ̀ ò mọ̀ pé ó ti kúrò níbi iṣẹ́.

Ti oorun yẹn, bí Ọlọ́run ṣe dá ọpọlọ ni. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, Masako Tamaki àti Yuka Sasaki wà lára wọn, ṣàyẹ̀wò ọpọlọ àwọn tó sùn síbi tí wọn ò sùn rí, wọ́n sì rí i pé lálẹ́ àkọ́kọ́, apá òsì ọpọlọ kì í sùn wọra bíi ti apá ọ̀tún, ó máa ń ṣọ́ ilé, ìró kékeré tó bá ṣàjèjì ló máa gbọ́. Nígbà táwọn èèyàn náà tún padà wá sùn níbẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn ò sí mọ́. Torí náà tó o bá tún fẹ́ lọ, má lọ fún alẹ́ kan ṣoṣo, torí alẹ́ tó burú jù nìkan lo máa sùn. Alẹ́ mẹ́ta dáa ju ẹyọ kan lọ dáadáa. Má sì jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́ tóorun ò bá wá lákọ̀ọ́kọ́, mú ìrọ̀rí ẹ dání tó o bá lè ṣe é.

Ti ọ̀fìnkìn yẹn náà kì í ṣe ìwọ nìkan, ó wọ́pọ̀ débi pé onímọ̀ kan ní Netherlands, Ad Vingerhoets, ti ṣèwádìí lórí àwọn tí àìsàn máa ń mú lópin ọ̀sẹ̀ tàbí gbàrà tí líìfù wọn bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó sọ pé iṣẹ́ wúwo lọ́rùn àwọn, tí ọkàn wọn kì í sì í kúrò níbẹ̀, ló pọ̀ nínú wọn. Tó o bá lè rọra dín iṣẹ́ kù fún ọjọ́ méjì kó o tó lọ dípò kó o ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó máa dáa gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ jù rèé. Jeroen Nawijn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2010 tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ará Netherlands tó lé ní 1,500. Kí wọ́n tó lọ ìsinmi, inú àwọn tó fẹ́ lọ máa ń dùn ju tàwọn tí ò lọ lọ, ìrètí ẹ̀ nìkan ti ń tuni lára. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé, kò sí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín wọn, àfi láàárín àwọn tó sọ pé ìsinmi àwọn rọ àwọn lára gan-an ni. Ìyẹn ni pé ibi tó o dé ò tó nǹkan tó bára ṣe ń rọ̀ ẹ́ níbẹ̀. Jessica de Bloom náà àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ ìsinmi gígùn, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2013 pé ara wọn ń yá sí i títí ó fi dé bí ọjọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ti padà síbi tó wà. Èmi ò gbà kíyẹn kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá wa. Ohun tó ń sọ fún mi ni pé ẹni tó ń kó gbogbo líìfù ẹ̀ jọ de ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ń fìyà jẹ ara ẹ̀, kó gé e sí wẹ́wẹ́, ọjọ́ mẹ́ta níbí, ọjọ́ mẹ́rin lọ́hùn-ún, ló máa pẹ́ lára ẹ̀.

Tó o bá tún lọ, mú nǹkan kan péré fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́jọ́ náà má gbé ètò kankan lé e lórí. Tóorun bá gbé ẹ lọ lọ́sàn-án, sùn.

Mo fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kì í yé pè. Kódà tí kò bá pè, èmi fúnra mi á máa yẹ fóònù wò. Nígbà tí mo sì gbìyànjú láti jókòó jẹ́ẹ́ láìmú fóònù dání, ara mi ò gbà á, ṣe ló ń ṣe mí bí ẹni tí nǹkan ń jẹ lára. Ṣé irú wa lè dá sinmi ṣá? — Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì

Ẹ lè sinmi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. Ìsinmi kì í ṣe ojú rere tẹ́nì kan ń ṣe fún yín. Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1948 sọ ọ́ ní ẹsẹ 24 ẹ̀ pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi àti fàájì, kí wákàtí iṣẹ́ níwọ̀n, kí líìfù tí wọ́n ń sanwó fún sì wà látìgbàdégbà. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè ka ìyẹn sí ọ̀gá yín létí lórí fóònù. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ jọ jókòó ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sínú ìwé, ẹni tó máa bá yín mójú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí fáìlì wà, ohun tó lè dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìpè tí ọ̀gá ń pe òṣìṣẹ́ tó wà nílé, ibi tí nǹkan kan wà ni wọ́n ń béèrè.

Ìwé tẹ́ ẹ kọ yẹn máa ran ẹ̀yin fúnra yín lọ́wọ́ ju bó ṣe máa ran ọ̀gá lọ. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Masicampo àti Baumeister, fi hàn lọ́dún 2011 pé iṣẹ́ téèyàn ò tíì parí máa ń yọjú sọ́kàn lemọ́lemọ́, àmọ́ tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní pàtó ìgbà àti bóun ṣe máa ṣe é, ọkàn á jẹ́ kó lọ, kò dìgbà tó bá parí iṣẹ́ ọ̀hún. Nítorí náà lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ kọ ọ́ gbogbo, títí kan owó ilé ìwé ọmọ àti páìpù tó ń jò nílé. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fi ìwé náà sílé.

Ní ti fóònù, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ pa á pátápátá, ẹni tó dá rìn nílò ẹ̀. Ẹ yọ méèlì iṣẹ́ kúrò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ pa ohùn gbogbo gúrúùpù WhatsApp, kẹ́ ẹ wá fún ẹnì kan ṣoṣo níbi iṣẹ́ láṣẹ láti pè yín tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kí fóònù máa gbé inú báàgì, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí.

Bó ṣe ń ṣe yín tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ yẹn, ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn. Timothy Wilson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní káwọn èèyàn dá jókòó sí yàrá fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí fóònù kò síwèé, bọ́tìnnì kan nìkan ló wà níbẹ̀ tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ gbéèyàn, tí wọ́n sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn máa sanwó káwọn má bàa fara gbá irú ẹ̀ mọ́. Ọkùnrin 12 nínú 18 ló tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, obìnrin 6 nínú 24. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Omi tí wọ́n ti rú látọdún dọ́dún kì í tòrò lọ́jọ́ kan, torí náà ẹ má fipá mú ara yín jókòó lásán ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ rìn. Ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ ti ń fẹ́ kà dání, tàbí nǹkan tẹ́ ẹ lè fọwọ́ ṣe, aṣọ híhun, àwòrán yíyà, ohunkóhun tí kò ní ìkánjú nínú. Lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta ẹ máa rí i pé ẹ ti jókòó fúngbà pípẹ́ láìmọ̀.

Ó ti tó oṣù méjì tí nǹkan kan ò wù mí mọ́. Orin tí mo fẹ́ràn, bọ́ọ̀lù, kò sí èyí tó ń dùn. Mo ń sùn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Mo rò pé tí mo bá lọ síbi tó jìnnà lémi nìkan á kúrò. Ibo lẹ rò pé kí n lọ? — Kò Lórúkọ

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó ronú ibi tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Àárẹ̀ iṣẹ́ wà o, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 2019, àmì mẹ́ta ni wọ́n sọ: kí gbogbo agbára èèyàn tán, kí iṣẹ́ ẹ̀ súni kọ́kàn sì jìnnà sí i, kéèyàn máa rí i pé òun ò lè ṣe é bó ṣe yẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n fi mọ, wọn ò pè é ní àìsàn. Èyí tẹ́ ẹ kọ yìí ti kọjá ibi iṣẹ́. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí inú èèyàn bàjẹ́ tàbí tóhun tó fẹ́ràn ò dùn mọ́, lójoojúmọ́, ìyẹn ti tó ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́, ó lè jẹ́ àìsàn ìdààmú ọkàn, ó sì nítọ̀ọ́jú. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára tàbí hóómónù kan ló ń dà á rú, àyẹ̀wò ló máa sọ ọ́.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ dá lọ nísinsìnyí ni pé ẹni tí ọkàn ẹ̀ rí báyìí, tó bá dá wà síbi tó jìnnà, èrò tó ń bà á nínú jẹ́ lè wá ṣú bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá ti wá sọ́kàn yín rí pé ó sàn kẹ́ ẹ kúkú kú, ẹ má dúró de dókítà ọ̀la, ẹ sọ fẹ́nì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán lónìí, kó jókòó tì yín, kó bá yín lọ sọ́sibítù. Ìrìn àjò náà ò ní sá lọ. Ẹ tún kọ̀wé sí mi tẹ́ ẹ bá ti rí dókítà, inú mi máa dùn láti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì dá lọ síbì kankan rí, obìnrin ni mí, ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, mi ò sì lówó tó pọ̀. Irú ibo ló dáa, kí ni kí n ṣọ́ra fún? Mo tún bẹ̀rù pé tí mo bá dé, gbogbo nǹkan á dà bò mí padà. — Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Àbúrò, kò dìgbà tó o bá lọ jìnnà. Ibi tí kò ní ju wákàtí méjì lọ sílé ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́, torí owó ọkọ̀ á kéré, o ò sì ní fi ìdajì ọjọ́ jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Ilé ọ̀rẹ́ tó rìnrìn àjò náà dáa, tó bá jẹ́ kó o máa gbébẹ̀. Ohun tí mo máa wá jù ni igi tàbí omi nítòsí. Ìwádìí Mathew White àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́dún 2019 tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 20,000 èèyàn ní Ẹ́ńgíláǹdì rí i pé àwọn tó ń lò tó 120 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ níta láàárín ewéko ló sọ jù pé ara àwọn le, ọkàn àwọn sì balẹ̀. Roger Ulrich náà ti kọ ọ́ lọ́dún 1984 pé àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí fèrèsé wọn kọjú sí igi, tètè kúrò lọ́sibítù ju àwọn tí tiwọn kọjú sí ògiri lọ. Nítorí náà yàrá kékeré tí fèrèsé ẹ̀ dáa sàn ju yàrá ńlá tí ò ríta lọ, ó sì lè dín lówó.

Ní ti ààbò, sọ fẹ́nì kan ibi tó o máa sùn ní pàtó, kẹ́ ẹ sì fi aago kan sí i tí wàá máa pè é lójúmọ́, tí kò bá gbọ́ ohùn ẹ kó mọ ohun tó máa ṣe. Débẹ̀ lójú ọ̀sán. Ka ohun táwọn obìnrin tó ti sùn níbẹ̀ sọ kó o tó sanwó. Tó o bá dénú yàrá, yẹ kọ́kọ́rọ́ àti fèrèsé wò kó o tó tú báàgì, tí ọkàn ẹ ò bá gbà á, ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, má tijú. Tẹ́ni tó ò mọ̀ bá bi ẹ́ ṣé ìwọ nìkan lo wá, o ò jẹ ẹ́ ní òótọ́ yẹn, sọ pé o ń retí ẹnì kan. Má gbé fọ́tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí wàá fi kúrò níbẹ̀. Oògùn tó ò ń lò kó tó, kó sì lé ọjọ́ méjì sí i.

Bíbọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣètò ẹ̀ rárá, ó sì yẹ kó o ṣètò ẹ̀ bó o ṣe ṣètò lílọ. Má dé lálẹ́ kó o sì wọṣẹ́ láàárọ̀. Fi odindi ọjọ́ kan sáàárín, kọ́jọ́ yẹn jẹ́ ti aṣọ fífọ̀ àtoorun, má sọ fún gbogbo ayé pé o ti dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́, wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni kó o fi ka méèlì, má gbà kí wọ́n fi ìpàdé sí i. Nǹkan kan tó sinmi ẹ níbẹ̀, bóyá rírìn láàárọ̀ ni, bóyá fóònù tó sùn sí yàrá míì ni, máa ṣe é nílé náà. Tó o bá sì ti dé, kó o tó tú báàgì, mú kàlẹ́ńdà kó o mú ọjọ́ tó kàn tó o tún máa lọ, ì báà jẹ́ oṣù mẹ́ta sí i, kó o sì kọ ọ́ sí i.